Agbo Kọ̀ǹpútà Méjì Lórí Ẹ̀rọ Kan: Kí Ló Dé Tí Wọn Kì í Gbọ́ Ara Wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìfowópamọ́ kan tí kò lórúkọ. Ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà níbi méjì, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ̀rọ Èkó bá dákẹ́, ti Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ náà kí ẹni tó ń fi owó iléèwé ọmọ ránṣẹ́ tó fura rárá. Ìlérí ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó ṣe é fún aráyé. Níbo ni wọ́n ti máa dán an wò? Kò sẹ́ni tó ń fi owó oníbàárà kọ́ṣẹ́. Wọ́n lè háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè, àmọ́ dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò owó ìyẹn, wákàtí wákàtí sì ni owó rẹ̀ ń gùn. Nítorí náà, ohun tí àwọn tó ń kọ sọ́fútíwíà sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á dá agbo kọ̀ǹpútà kékeré méjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo. Wọ́n á pe ọ̀kan ní Èkó, wọ́n á pe èkejì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á wá ní kí Èkó kí Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́ńdọ̀nù ò ní í dáhùn.

Àwọn méjèèjì wà nínú ẹ̀rọ kan náà, wọ́n ń jẹ iná kan náà, wọ́n ń pín mẹ́mórì kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan á pe èkejì títí, pàbó ló máa já sí. Kọ̀ǹpútà yìí kan náà sì lè bá ẹ̀rọ kan ní Jámánì sọ̀rọ̀ ká tó ṣẹ́jú. Kí ló wá mú kí aládùúgbò ṣòro bá sọ̀rọ̀ ju ará òkèèrè lọ?

Ká tó tú u, a ní láti wo ohun tí wọ́n fi ṣe agbo náà.

Nínú ẹ̀rọ tó ń lo Linux, ètò kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ètò yòókù. Kánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń pín àyè díìsìkì, òun náà ló ń pinnu ẹni tó máa lo wáyà àti ìgbà tó máa lò ó. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni kánẹ́ẹ̀lì yìí ti ń fún ètò ní ohun tí a lè pè ní àyè ọ̀tọ̀. Ètò tó bá wà nínú àyè ọ̀tọ̀ máa rí káàdì nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀, àdírẹ́sì tirẹ̀ àti ìwé ọ̀nà tirẹ̀ (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà), kò sì ní í rí ti ẹlòmíràn. Ó máa gbà pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Ètò tí a bá dì pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, tí a sì fi sínú irú àyè bẹ́ẹ̀, ni kọ̀ntẹ́nà. Kì í ṣe ẹ̀rọ mìíràn. Kánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ yìí sì máa wúlò fún wa níwájú.

Ní ọdún 2013 ni Docker jáde, tí ṣíṣe kọ̀ntẹ́nà fi di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Google gbé Kubernetes síta láti máa darí kọ̀ntẹ́nà tó bá pọ̀. Ẹyọ tó kéré jù tí Kubernetes ń kà ni pọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ̀ntẹ́nà kan tàbí méjì mẹ́ta tó jọ ń lo àdírẹ́sì kan. Kọ̀ǹpútà tí àwọn pọ́ọ̀dù ń gbé lórí rẹ̀ ni nóòdù. Àwọn nóòdù tó bá wà lábẹ́ àṣẹ kan náà ló para pọ̀ di agbo.

Ó yẹ kí nóòdù jẹ́ kọ̀ǹpútà gidi. Níbi ìdánwò, kì í rí bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kind, tí àwọn tó ń ṣe Kubernetes fúnra wọn kọ láti máa fi dán iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ nóòdù kọ̀ọ̀kan di kọ̀ntẹ́nà. Pọ́ọ̀dù wà nínú nóòdù, nóòdù fúnra rẹ̀ wà nínú Docker, Docker wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ. Àyè ọ̀tọ̀ nínú àyè ọ̀tọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, odindi agbo ti dé, bí a bá sì parí ìdánwò, a pa á rẹ́, ilẹ̀ á mọ́.

Oríṣi àdírẹ́sì mẹ́ta ló wà nínú ètò yìí, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn ò ní í ríran. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì nóòdù. Docker ló ń fún wọn. Gbogbo nóòdù tí kind bá dá sílẹ̀, agbo yòówù kí wọ́n wà, orí afárá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń so mọ́. Afárá yìí kì í ṣe irin, kánẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe bíi pé ó wà. Àdírẹ́sì ibẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 172.18. Èkejì ni àdírẹ́sì pọ́ọ̀dù, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.244. Àdírẹ́sì 65,536 ló wà nínú ìyẹn, nóòdù kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba 256 níbẹ̀ fún àwọn pọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ̀kẹta la máa pè ní àdírẹ́sì ìpè. 10.96 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ rárá. Pọ́ọ̀dù ń kú, òmíràn ń rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun, nítorí náà wọ́n ya àdírẹ́sì kan tí kì í yí padà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè é, nóòdù tirẹ̀ á yára pààrọ̀ rẹ̀ sí àdírẹ́sì pọ́ọ̀dù kan tó wà láàyè.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1996, àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì ya ìpín mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó wà láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168. Ẹnikẹ́ni ló lè lò wọ́n nínú ilé rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ohun tí wọ́n fi dè é ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé wọn káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogboogbò. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan náà fi wà ní ọ̀kẹ́ àìmọye ilé láìsí ìjà.

Ibí yìí ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè wa wà. Ẹ fojú inú wo agboolé méjì tó dojú kọ ara wọn ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn, tí títì kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Nínú agboolé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn yàrá, 1 títí dé 40. Bí ìyá kan ní agboolé àkọ́kọ́ bá bu oúnjẹ ẹnì kan tó wà lódì kejì fún ọmọdé, tó sì kàn ní kó gbé e lọ sí yàrá 7, ṣé ọmọ náà á sọdá títì? Kí ló máa bá lọ? Yàrá 7 wà nínú ọgbà tiwọn. Bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bá wà nílé, ó máa gba oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, á tún kí ìyá náà kú iṣẹ́. Bí kò bá sẹ́nì kankan níbẹ̀, oúnjẹ á tutù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí oúnjẹ tọ́ sí lódì kejì ò ní í gbọ́ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún kind, gbogbo agbo tó bá dá sílẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ pọ́ọ̀dù rẹ̀ láti 10.244. Èkó ní 10.244.1.7, Lọ́ńdọ̀nù náà ní 10.244.1.7. Pọ́ọ̀dù Èkó tó bá fẹ́ ìyẹn ò ní í kúrò nílé. Èyí tó sì burú jù ni ìgbà tí ìdáhùn bá wá látọ̀dọ̀ ẹni tí a ò pè.

Ọ̀nà àbáyọ kò le: kí Èkó máa lo 10.244, kí Lọ́ńdọ̀nù máa lo 10.245, àdírẹ́sì ìpè wọn náà kò gbọ́dọ̀ jọra. Ìlà méjì péré ló ń ṣe é nínú fáìlì tí a fi ń pàṣẹ fún kind, podSubnet àti serviceSubnet. Kìkì pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí a bá ń dá agbo sílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣe é, torí pé lẹ́yìn náà, àfi ká pa agbo rẹ́ ká tún un dá.

A ti ya nọ́ńbà wọn sọ́tọ̀. Èkó tún pe Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì sí ìdáhùn, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í rìn lódindi lórí nẹ́tíwọ̀kì; wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kọ àdírẹ́sì ẹni tó ń lọ bá àti ti ẹni tó rán an sára èyí tí wọ́n gé. Pákẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Pákẹ́ẹ̀tì wa ń lọ sí 10.245.1.7. Ó kúrò nínú pọ́ọ̀dù, ó bọ́ sọ́dọ̀ nóòdù tó gbé pọ́ọ̀dù náà. Nóòdù ṣí ìwé ọ̀nà rẹ̀. Ó rí ọ̀nà sí 10.244, torí ilé tirẹ̀ nìyẹn. Ó rí ọ̀nà sí 172.18, torí afárá tó so mọ́ nìyẹn. Kò rí 10.245. Ìwé ọ̀nà sábà máa ń ní ìlà kan tó ń sọ pé ohunkóhun tí o kò bá mọ̀, gbé e fún ọ̀gá. Nóòdù gbé e fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Òun náà ò mọ̀ ọ́n, ó gbé e fún ráútà ilé, ráútà gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún ọ. Wọ́n wò ó níbẹ̀, wọ́n rí i pé àdírẹ́sì abẹ́lé ni, wọ́n sọ ọ́ nù. Pákẹ́ẹ̀tì tó ń wá aládùúgbò rẹ̀ jáde kúrò nílé, ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì sọnù síbẹ̀.

Irú ìdákẹ́jẹ́ tí èyí ń mú wá yẹ ní mímọ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá, tí kò bá sì sí ètò kankan tó ń gbọ́ ní pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn) tó kàn, ẹ̀rọ náà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sọnù lọ́nà, kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan; ẹni tó ránṣẹ́ á dúró títí àkókò á fi kọjá. Kíkọ̀ kíákíá túmọ̀ sí pé ọ̀nà dára, inú ilé ni ká lọ wò. Ìdúró pípẹ́ túmọ̀ sí pé ọ̀nà ló bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tó lo odindi ọjọ́ lórí ètò rẹ̀ tí kò ní àléébù kankan, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá tó fi dúró ti sọ ohun gbogbo fún un.

Àtúnṣe ni pé ká kọ ìlà tuntun sínú ìwé ọ̀nà nóòdù Èkó: ohunkóhun tó bá ń lọ sí 10.245.1, gbé e fún 172.18.0.5. Èyí tí a kọ yìí ni àdírẹ́sì nóòdù Lọ́ńdọ̀nù lórí afárá tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ní báyìí, nóòdù Èkó á kígbe lórí afárá pé ta ni 172.18.0.5, onítọ̀hún á dáhùn, pákẹ́ẹ̀tì á sọdá. Nóòdù Lọ́ńdọ̀nù á rí i pé inú ilé òun ni 10.245.1.7 wà, á sì fi í lé e lọ́wọ́. Iye nóòdù tó bá wà lódì kejì ni iye ìlà tí a máa kọ, sínú ìwé ọ̀nà nóòdù kọ̀ọ̀kan níhìn-ín.

Ìdáhùn ńkọ́? Ìrìn-àjò mìíràn ni ìdáhùn jẹ́. Ìwé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí 10.244.1 wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn á tún gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ dátà lọ. Ó yẹ kí ìdánwò tú àṣírí ẹni tó bá gbàgbé ọ̀nà àbọ̀. Ibí yìí ni ohun kan ti máa ń ṣẹlẹ̀ tí mo kà sí ewu tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìdánwò lè yege láìjẹ́ pé ọ̀nà àbọ̀ wà.

Ètò kékeré tó ń ṣètò nẹ́tíwọ̀kì nínú kind, kindnet, máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ń jáde kúrò nínú agbo, kindnet máa pa àdírẹ́sì pọ́ọ̀dù tó rán an rẹ́, á fi àdírẹ́sì nóòdù rọ́pò rẹ̀. Inú rere ló fi ń ṣe é, torí bí pọ́ọ̀dù bá fẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì 10.244 ò lè gbé e débì kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe fún ìdánwò wa. Lọ́ńdọ̀nù rò pé nóòdù Èkó, 172.18.0.3, ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Afárá kan náà ni wọ́n jọ wà, kò nílò ọ̀nà kankan láti dá a lóhùn. Nóòdù Èkó gba ìdáhùn, ó rántí ẹni tó ni ín, ó gbé e fún un. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Gbogbo ènìyàn lọ sùn. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé ètò náà lọ sí ibi gidi, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú òfin Lọ́ńdọ̀nù pé pọ́ọ̀dù báyìí nìkan láti Èkó ló lè wọlé, òfin náà ò ní í mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, torí nóòdù ni gbogbo àlejò ń jẹ́. Kí ìdánwò tó lè jẹ́ òótọ́, a gbọ́dọ̀ sọ fún Èkó pé kó má pààrọ̀ àdírẹ́sì ohun tó bá ń lọ sí 10.245. A sì gbọ́dọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, ká lo irinṣẹ́ tcpdump láti ka àdírẹ́sì ẹni tó rán pákẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń wọlé. Ìdáhùn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìdẹkùn kékeré kan tún wà tó ń mú ẹni tuntun. Nígbà tí kind bá dá agbo sílẹ̀, ó máa kọ fáìlì kan tó gbé kọ́kọ́rọ́ agbo náà àti àdírẹ́sì ibi tí a ti ń pàṣẹ fún un. Àdírẹ́sì yẹn ni 127.0.0.1, tó túmọ̀ sí èmi fúnra mi. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ, ó tọ̀nà. Bí o bá mú fáìlì Èkó fún pọ́ọ̀dù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ara rẹ̀ ni pọ́ọ̀dù náà máa lọ kàn, kò sì ní í bá ẹnì kankan níbẹ̀. kind mọ̀ pé èyí ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá béèrè, ó máa fún wa ní fáìlì mìíràn tó lo orúkọ nóòdù lórí afárá.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kọ ìwé ọ̀nà títí ayé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé bí kọ̀ǹpútà bá kú tó sì tún tàn, Docker lè fún nóòdù ní àdírẹ́sì tó yàtọ̀. Àwọn irinṣẹ́ bíi Submariner àti Cilium ń bá wa ṣe é. Submariner yan nóòdù kan ní agbo kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè, ó sì gbẹ́ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹnubodè náà: ó máa gbé pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sínú pákẹ́ẹ̀tì mìíràn, èyí tó wà nínú á máa lo àdírẹ́sì pọ́ọ̀dù, èyí tó wà níta á máa lo ti nóòdù. Ó tún lè fún agbo méjì tí nọ́ńbà wọn jọra ní àdírẹ́sì kejì tí kò jọra. Cilium kò ní ìyẹn lára. Ó fẹ́ kí nọ́ńbà pọ́ọ̀dù agbo kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ní àrùn tirẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ. Bí a bá lo ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VXLAN, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún pákẹ́ẹ̀tì inú máa gba 50 báìtì, ó ku 1,450. Bí a kò bá sọ èyí fún àwọn pọ́ọ̀dù, wọ́n á máa kó ẹrù kún dé 1,500, ẹrù náà ò sì ní í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àmì àrùn yìí máa ń dààmú ènìyàn: o kí Lọ́ńdọ̀nù, ó dáhùn, o ní kó fi àkọsílẹ̀ oníbàárà ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́, ó dákẹ́.

Ká ní gbogbo rẹ̀ ti ń lọ geere. Irọ́ kan ṣì kù nínú ìdánwò wa. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ò jìnnà síra wọn rárá. Láyé gidi, bí a bá fa ìlà tààrà láàárín ìlú méjèèjì, ó tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú okùn gíláàsì ń rìn ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè kéré sí ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá, kò sì sí owó tó lè dín in kù. Okùn abẹ́ òkun kì í sì í gba ìlà tààrà. Ó ń yí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká. Ètò tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó fi ojú ìwé kan han oníbàárà, tó ń dúró de ìdáhùn kan kó tó béèrè òmíràn, máa yára bí àṣá lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Lójú òkun, ó máa falẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń rí.

Linux ní irinṣẹ́ fún èyí náà, netem, tó ń dá pákẹ́ẹ̀tì dúró fún ìwọ̀n àkókò tí a bá fẹ́, tó sì lè sọ díẹ̀ nù nínú wọn. A fi í sẹ́nu ọ̀nà nóòdù, òkun dé. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ya kánẹ́ẹ̀lì sí méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni kánẹ́ẹ̀lì, nítorí náà aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù kì í yapa bí ti ẹ̀rọ gidi, agbo tó bá sì pọ̀ jù máa ń tán iye fáìlì tí kánẹ́ẹ̀lì gbà kí ètò máa ṣọ́, nóòdù á kàn kọ̀ láti jí, tí ẹ̀bi náà ò sì ní í jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì.

Ìdánwò tí mo rò pé ó tóbi jù ni èyí tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn: ká gé àwọn méjèèjì kúrò lára ara wọn nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Pípa Èkó rọrùn, Lọ́ńdọ̀nù á gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀nà nìkan ló já, Èkó á rò pé Lọ́ńdọ̀nù ti kú, Lọ́ńdọ̀nù á rò bẹ́ẹ̀ nípa Èkó, àwọn méjèèjì á sì máa gba owó, wọ́n á máa kọ ọ́ sínú ìwé méjì tí kò bára mu. Láti inú agbo kan, a kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kú àti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ já. Ohun tí àwọn ètò bíi etcd, tó jẹ́ ìrántí Kubernetes, ń ṣe ni pé wọ́n ń dìbò: ẹgbẹ́ tó bá ju ìdajì lọ nìkan ló lè kọ̀wé. Láàárín ẹni méjì, kò sí èyí tó ju ìdajì lọ bí wọ́n bá yapa. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rí agbo kẹta lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, kékeré, nóòdù kan péré, tí ìwé ọ̀nà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yòókù, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó dìbò.